Ògún Ni, àbí Àfọwọ́fà?

Bí ẹ̀rọ agégi bá gé ènìyàn lẹ́sẹ̀ lóko, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ni àlàyé á ti pọ̀ nílẹ̀. Ẹnìkan á ní Ògún ló ń bínú, pé bóyá onítọ̀hún ti fi irin búra èké rí. Ẹlòmíì á mi orí, á ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Ẹni kẹta, ìbáà ṣe oníṣọ́ọ̀ṣì tàbí Mùsùlùmí, á ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Nínú gbogbo wọn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ kó wo ẹnu ṣéènì bóyá ó mú tàbí ó ti kú, tàbí kó fọwọ́ ti bíréèkì wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti àwọn agégẹdú nìkan. Owó gáàsì ti lé ọ̀pọ̀ ilé padà sídìí ààrò, àwọn ìyá alásè àti àwọn tó ń yan ẹja kò sì tilẹ̀ kúrò nídìí igi rí. Ẹ̀rọ agégi kékeré ti wá dé ọwọ́ aṣẹ́gità àti lagilagi tó jẹ́ pé àáké nìkan ni bàbá wọn mọ̀. Irin tuntun dé, ìbéèrè àtijọ́ sì bá a dé: bí irin bá ṣe ènìyàn léṣe, ta ló ṣe é?

Ìtàn kan wà tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ gbọ́ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ láti ọ̀run wá sí ayé, wọ́n bá igbó kìjikìji pàdé, ọ̀nà sì dí. Òrìṣà-ńlá yọ àdá rẹ̀, ó fi ṣá igbó, àdá ká, nítorí òjé ni wọ́n fi rọ ọ́. Ògún wá fa tirẹ̀ yọ. Irin ni tirẹ̀. Ó sán igbó náà, ọ̀nà là. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú kọ ìtàn náà sínú ìwé tó ṣe lórí Olódùmarè, èyí tó jáde ní 1962, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ ọ́ láti fi gbé Ògún ga. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ti Òrìṣà-ńlá. Òun ni àgbà, òun ló mọ ara ènìyàn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ìwà tàbí àṣẹ rẹ̀ kò tó ti Ògún. Ohun èlò rẹ̀ ni kò bá iṣẹ́ mu. Ipò ńlá kò sọ òjé di irin. Nínú ìtàn tí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ pa, ìwà mímọ́ kò rọ́pò ohun èlò tó yẹ.

Ìtàn kejì ṣòroó gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìrè-Èkìtì ló ti ṣẹlẹ̀. Ògún ti ojú ogun dé, ó bá àwọn ará ìlú níbi àpéjọ kan tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbọn agbè ẹmu, agbè ṣófo. Ó bínú, ó fa idà yọ, ó sì pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tó rí ohun tó ṣe, ó fi idà rẹ̀ gúnlẹ̀, ilẹ̀ là, ó sì wọlẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn náà yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìlú dé ìlú, àmọ́ kókó rẹ̀ kì í yí padà: olówó irin fúnra rẹ̀ ṣi irin lò. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló ṣe pàtàkì jù. Kò sọ pé àyànmọ́ ni, kò dá ẹ̀bi fún agbè tó ṣófo tàbí fún idà tó mú jù. Ó gbà pé ọwọ́ òun ló ṣe é.

Bí Ògún bá lè gba ẹ̀bi tirẹ̀, ẹ̀rí ọkàn wo ni aṣẹ́gità tí kò pọ́n ṣéènì rẹ̀ fi ń di ẹ̀bi ru Ògún?

Àwọn tó mọ èrò Yorùbá dáadáa kò fi gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sábẹ́ àyànmọ́. Ìdòwú ya ìpín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀: àkúnlẹ̀yàn tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà tí a fún un lórí ìkúnlẹ̀, àti àyànmọ́ tí a yàn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà kì í fi àfọwọ́fà sílẹ̀, èyíinì ni ìyà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà wá. Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin náà fún un ní àyè nínú ìwé ìmọ̀ ọgbọ́n orí tó kọ ní 1991. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti pè, ó sì nira láti gbà, torí pé kò sí ètùtù tó ń bo àfọwọ́fà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àfọwọ́fà parí sí lórí ẹ̀rọ agégi ní láti mọ ẹ̀rọ náà dé eyín.

Ẹ̀rọ náà kò ti ilẹ̀ wa wá. Iṣẹ́ ìṣègùn ló kọ́kọ́ lo ayùn oníṣéènì: láàárín 1780 sí 1790, John Aitken àti James Jeffray, dókítà méjì ní Sikọ́tílándì, fi ṣéènì eléyín tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà gé egungun. Ní 1926, Andreas Stihl ṣe èyí tó ń lo iná mànàmáná fún gígé igi ní Jámánì, ó sì ṣe elẹ́ńjìnnì bẹntiróò ní 1929. Àwọn wọ̀nyí wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń gbé wọn. Eyín tó wà lẹ́nu ṣéènì lónìí, ọwọ́ kòkòrò ni wọ́n ti kọ́ ọ. Agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Buford Cox, rí ìdin tó ń jẹ igi lọ sọ́tùn-ún àti sósì láìbìkítà bóyá igi tẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó fara wé e, ṣéènì rẹ̀ sì dé ọjà ní 1947. Ilé iṣẹ́ Husqvarna ní Sweden, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agégi, ìbọn ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa rọ ní 1689. Ó di 1959 kí wọ́n tó ṣe ẹ̀rọ agégi. Oníṣẹ̀ṣe tó bá gbọ́ èyí á rẹ́rìn-ín: láti ìbọn bọ́ sí ayùn, inú ilé Ògún kan náà ni wọ́n ṣì wà.

Ìyẹn ni ìdí tí awakọ̀, mẹkáníìkì àti onírìwáyà fi ń bá alágbẹ̀dẹ bọ Ògún láìbéèrè orílẹ̀-èdè tí irin náà ti wá. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Lùkùmí, ìyẹn àwọn ìran Yorùbá ibẹ̀ tó ń bọ òrìṣà, ń kó ìṣó ojú irin rélùwéè sínú ìkòkò Ògún wọn. Ta ló ni irin, ìyẹn kò ṣòroó dáhùn. Ta ni yóò ṣọ́ ọ, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹni tó ń gé igi ìdáná kò nílò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú. Ẹ̀ńjìnnì tó wà láàárín 30 sí 45 cc tó, pẹ̀lú báà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń yí lé lórí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 14 tàbí 16. Irú rẹ̀ kì í sábà ju kílò márùn-ún lọ kí wọ́n tó rọ epo sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn fi báà gígùn sórí ẹ̀ńjìnnì kékeré torí kó lè dà bí ọ̀gá. Ẹ̀ńjìnnì á máa làágùn, apá ẹni tó dì í mú á máa gbọ̀n, ẹ̀ka igi kékeré tó yẹ kó gé kíá á sì pẹ́. Èyí tó ń lo bátìrì dára fún gígé ẹ̀ka nínú ọgbà, bí iná ìjọba bá gbà kó gba ṣáàjì. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà tí wọ́n kun ní ọ̀dà kan náà pẹ̀lú ojúlówó, nítorí náà ó sàn kí olùrà béèrè ibi tó ti lè rí páàtì rẹ̀ rà kó tó béèrè iye. Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ gbójú fò: bíréèkì ṣéènì, èyí tí apá ike tó dúró níwájú ọwọ́ òsì máa ń tì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ kò ní in. Èyí tó sì ní in, àwọn kan ń tú u dànù, wọ́n ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́.

Kí ló ń dá dúró? Bí orí báà, pàápàá apá òkè rẹ̀, bá kan igi lójijì, ṣéènì á fẹ́ bu ju bó ti lè gbé lọ. Gbogbo agbára tó fẹ́ fi gé igi á yí padà, báà á ta sókè, ìyẹn ìtapadà, á kọjú sí ọrùn àti ojú ẹni tó dì í mú. Kò gbà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, kò sì sí ọmọ ènìyàn tí ọpọlọ rẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀. Àdúrà tí ènìyàn bá ní òun fẹ́ gbà lákòókò yẹn ti pẹ́ jù. Ohun tó lè gbà á là ni bíréèkì tó ti tọ́jú lánàá, ọwọ́ òsì tí àtàǹpàkò rẹ̀ yí irin ìdìmú ká dáadáa, àti ara tí kò dúró tààrà lẹ́yìn báà.

Fáìlì ló kàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣéènì ti kú, kó wo ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀: ṣéènì tó mú ń da èérún igi tó ṣeé ṣà jọ, èyí tó ti kú ń da eruku lẹ́búlẹ́bú. Kó sì gbé eyín kan sójú oòrùn. Bí etí eyín náà bá ń kọ yànràn, ó ti kú. Etí tó mú kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà. Fáìlì roboto, tí kò ju mílímítà mẹ́rin lọ fún ọ̀pọ̀ ṣéènì kékeré, ló ń wọ abẹ́ eyín náà. Agégi tó mọṣẹ́ á ti báà mọ́ igi kó má baà mì, á wá ti fáìlì láti inú eyín bọ́ síta, níwọ̀n ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Kò ní fà á padà lórí irin. Á gbé e sókè kó tó dá a padà. Àwọn eyín tó kọjú sọ́tùn-ún ló máa kọ́kọ́ ṣe tán, lẹ́yìn náà àwọn ti òsì, kí gbogbo wọn sì dọ́gba. Bí apá kan bá gùn ju èkejì, ẹ̀rọ á máa gé igi ní wíwọ́. Iwájú eyín kọ̀ọ̀kan ni irin kékeré kan dúró sí, tó ń díwọ̀n bí eyín ṣe máa bu igi tó. Bí pípọ́n bá ti pọ̀, òun náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú fá a jù ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ ìtapadà níṣẹ́.

Igi àyìn, tí àwọn alásè fẹ́ràn torí ẹyín iná rẹ̀ máa ń pẹ́, le débi pé ó ń pa ẹnu ṣéènì láìpẹ́. Iyanrìn burú jù ú lọ: ẹ̀ẹ̀kan péré tí ṣéènì bá kan ilẹ̀, eyín ti bàjẹ́. Ṣéènì tó kú ló sì léwu ju èyí tó mú lọ, bó ti wù kó ya ẹni tí kò tíì gégi rí lẹ́nu tó. Èyí tó mú ń fa ara rẹ̀ wọnú igi. Èyí tó ti kú, ènìyàn ní láti fi agbára tì í, ara á rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo gba àlàyé tirẹ̀. Ògún ń gba epo, ẹ̀rọ náà ń gba epo, ṣùgbọ́n kì í ṣe epo kan náà. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, tú-sítíróòkì, fẹ́ kí a po ọ́ìlì tirẹ̀ mọ́ bẹntiróò. Ìdá kan sí àádọ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń sọ, ìyẹn 20 mílílítà sí lítà kan. Ẹni tó bá rọ bẹntiróò lásán sí i, kò ní pẹ́ tí ẹ̀ńjìnnì á fi nọ́ọ̀kì. Ihò kejì wà fún ọ́ìlì ṣéènì, ó sì yẹ kó kún nígbàkigbà tí a bá rọ epo sí èkíní. Ibẹ̀ ni àwọn lagilagi ń da kọndẹ́ǹmù ọ́ìlì sí, nítorí ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Èérún irin tó wà nínú rẹ̀ ń họ báà, ó sì ń dí páǹpù ọ́ìlì, yàtọ̀ sí pé ó ń ta sára ẹni tó ń gégi. Àwọn agégi ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ ń lo ọ́ìlì tí wọ́n fún láti ara irúgbìn. Ẹni tó bá wá rò pé epo pupa Ògún lè ṣiṣẹ́ náà, kó rántí òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí epo bá dì nínú ìgò.

Kí ni èyí kan ẹ̀sìn? Ó kàn án gidi. Bíbélì, tí àwọn Kristẹni ilẹ̀ wa ń kà lódindi ní Yorùbá láti 1884, sọ ọ̀rọ̀ agégi láìfi òwe bò ó. Oníwàásù 10 kìlọ̀ pé ewu ń bẹ fún ẹni tó ń la igi, ó sì fi kún un pé ẹni tí irin rẹ̀ kú tí kò pọ́n ọn á lo agbára jù. Diutarónómì 19 gbé ẹjọ́ kan kalẹ̀: ọ̀rẹ́ méjì lọ gégi nínú igbó, irin àáké yọ kúrò nínú ẹ̀rú, ó pa ẹnìkejì. Òfin kò pe ẹni yẹn ní apànìyàn. Ó fún un ní ìlú ààbò tó lè sá lọ. Ṣùgbọ́n Ẹ́kísódù 21 mú ẹjọ́ mìíràn wá, ti màlúù tó ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tí kò so ó. Bí màlúù yẹn bá pààyàn, olówó rẹ̀ jẹ̀bi. Àáké tó yọ lójijì wà lápá kan, màlúù tí gbogbo àdúgbò mọ ìwà rẹ̀ wà lápá kejì. Ẹ̀rọ tí bíréèkì rẹ̀ ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá, èwo ló jọ nínú méjèèjì? Àwọn Mùsùlùmí náà ní hádíìsì ọkùnrin tó bi Ànábì léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun tó gbára lé Ọlọ́run, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé E. Ìdáhùn tó gbà ni pé kó so ó, kó sì gbára lé Ọlọ́run.

Ẹnìkan lè sọ pé àlàyé báyìí ti sọ ètùtù di òfo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, agégi kò jẹ́ dédé fi àáké bá ìrókò láìṣe ètùtù nídìí rẹ̀, torí wọ́n gbà pé olúwéré ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà gbé irú ọ̀wọ̀ yìí fún igi àràbà ibẹ̀, títí dòní sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gé e. Ẹni tó ń ṣe ètùtù nídìí igi á yí igi ká, á gbójú sókè, á sì rí ẹ̀ka gbígbẹ tó fẹ́ já, ihò tó wà lára igi, apá ibi tó tẹ̀ sí. Àwọn tó ń kọ́ni ní igi gígé lónìí ń pàṣẹ ìyíká kan náà kí ẹ̀rọ tó dún. Ìkánjú ẹ̀rọ ló gba àkókò yẹn lọ́wọ́ wa: igi tí àáké á fi ọjọ́ kan bá jà, ṣéènì á wó o láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkàn kò sì tíì dé ibi tí ọwọ́ dé. Òwe tó ní bí a bá ń gégi nígbó ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò, ẹni tó ń lo àáké ló ní àyè láti rò ó. Irú ọ̀wọ̀ yẹn ṣì ń gba igbó là: Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ì bá ti di pákó tipẹ́ bí oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger àti àwọn olóòṣà kò bá dúró tì í.

Lóòótọ́, ìtọ́jú kò ká gbogbo rẹ̀. Igi tó dá lára níta lè ti jẹrà nínú, afẹ́fẹ́ lè yí padà lójijì, ẹ̀ka tí kò sẹ́ni tó rí i lè já lu ẹni tó ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ibẹ̀ ni ìyókù wà, kí kálukú fi lé ẹni tó ń sìn lọ́wọ́, Ògún ni o, Ọlọ́run ni o. Ohun tí kò dára ni kí a máa ti ìtọ́jú tó wà níkàáwọ́ wa sínú ìyókù yẹn. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́: ẹni tó fi fáìlì sílẹ̀ tó wá ń bọ Ògún kò fi ọ̀wọ̀ kan wọ Ògún.

Apá kan ọ̀rọ̀ náà ṣì kù tí a kì í sábà fẹ́ sọ. Àfọwọ́fà, ọwọ́ ta ni? Nínú ọ̀pọ̀ igbó, ẹni tó ń gégi kọ́ ló ni ẹ̀rọ. Ọ̀gá kan ló rà á, ló gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́ ojúmọ́, tó rán an lọ pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, láìsí akoto, láìsí awò ojú, pẹ̀lú ṣéènì tó kú àti bíréèkì tí wọ́n ti tú dànù. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ta padà, kò tọ́ kí a pè é ní àfọwọ́fà ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí a rán ìyá rẹ̀ lọ bọ Ògún. Màlúù Ẹ́kísódù ni, olówó rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra igi ìdáná lọ́pọ̀, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì àti ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gba agégi sínú oko yín, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n fẹ́ gbà, ẹ ní kí wọ́n ti bíréèkì ẹ̀rọ náà kí ẹ rí i. Bí ṣéènì kò bá dúró, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé igi yín.